Ọmọ ọdún 3 ń ké lálẹ́, bàbá ọdún 79 ń pè mí nírọ̀lẹ́. Ṣé ọ̀nà kan náà lè ran àwọn méjèèjì lọ́wọ́?

ìyá_àbíkẹ́yìn:
Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara dà á fún mi, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ó ti rẹ̀ mí ni. Àbíkẹ́yìn mi ti pé ọdún 3, ká tó rí i mú lọ sórí bẹ́ẹ̀dì lálẹ́, ogun ni. Á pariwo, á sọ̀kalẹ̀, á ní òùngbẹ ń gbẹ òun, á ní òun fẹ́ tọ̀, á ní kí n wá dì mọ́ òun. Màá lọ. Tí mo bá tún fẹ́ jáde, igbe tún ni. Bàbá mi náà ń gbé lọ́dọ̀ wa, wọ́n ti pé 79, iyè wọn ti ń ra, dọ́kítà ti sọ fún wa pé àrùn ìgbàgbé ni. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ báyìí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí. "Ọmọ yìí! Ṣé o wà ńbẹ̀?" Tí mo bá dé, wọn ò fẹ́ nǹkan kan. Màá jáde, kò ní pẹ́ rárá, wọ́n tún pè. Lánàá mo jágbe mọ́ wọn. Bàbá tó bí mi lọ́mọ ni mo jágbe mọ́. Mi ò rí oorun sùn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ló sọ fún mi pé ìmọ̀ kan wà tí wọ́n fi ń túpalẹ̀ ìwà, pé ABA ni wọ́n ń pè é, wọ́n á wo ohun tó ń fa ìwà àti ohun tí ò jẹ́ kó tán. Mo wá a lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo ohun tí mo rí, àwọn ọmọ tó ní ọ́tísìmù, àwọn tí ọpọlọ wọn ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀ láti kékeré, ni wọ́n ń sọ. Ọmọ tèmi ò ní ọ́tísìmù, bàbá mi ò sì í ṣe ọmọdé. Ṣé ó tiẹ̀ kàn wá?

awòyeìwà:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ẹ kú ìtọ́jú. Ọmọ nìkan tó iṣẹ́, ká má tíì wá sọ ti bàbá mọ́ ọn. Ó kàn yín, ó kàn yín gan-an. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí, mo ti bá ọmọdé ṣe é, mo ti bá àgbàlagbà ṣe é.

Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ọ́tísìmù niṣẹ́ yìí pọ̀ sí jù lóde òní lóòótọ́, àmọ́ kò bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ wọn. Lọ́dún 1959, Teodoro Ayllon àti Jack Michael kọ nípa iṣẹ́ tí wọ́n ṣe nílé ìwòsàn ọpọlọ kan ní Kánádà. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó máa ń já wọ ọ́fíìsì àwọn nọ́ọ̀sì ṣáá, tó bí ìgbà 16 lójúmọ́, ó sì ti tó ọdún 2 tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n bá a wí títí, wọ́n fà á jáde, kò gbọ́. Wọ́n wá ní kí àwọn nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ máa ka iye ìgbà tó ń wọlé, lẹ́yìn náà kí wọ́n má dá a lóhùn mọ́ tó bá wọlé, kí wọ́n má bá a wí, kí wọ́n má fà á. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ keje ó ti já sí bíi ìgbà 2 lójúmọ́. Bíbá a wí tí wọ́n rò pé ó ń dá a lẹ́kun, òun gan-an ló ń wá wọlé wá gbà!

Mi ò sọ pé kí ẹ má dá bàbá lóhùn o, ẹ jọ̀ọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ ni pé wọ́n kọ́kọ́ kà á. Wọn ò bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn irú èèyàn tí obìnrin yẹn jẹ́, wọ́n wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ṣáájú kó tó wọlé àti ohun tó ń bọ́ sí i lọ́wọ́ tó bá wọlé tán. Lọ́dún 1968 tí àwọn oníṣẹ́ ABA dá ìwé àtìgbàdégbà tiwọn sílẹ̀, ohun tí Baer, Wolf àti Risley kọ sínú ẹ̀ ò jìnnà síyẹn: kí ohun tí à ń tún ṣe jẹ́ ohun tó ṣe kókó nígbèésí ayé onítọ̀hún, kó jẹ́ ohun tójú lè rí téèyàn sì lè kà, kó sì hàn kedere pé ohun tí a ṣe ló mú ìyípadà wá, kì í ṣe pé ó kàn ṣe kòńgẹ́ ẹ̀.

Iṣẹ́ tí màá fún yín rèé mà. Kí ẹ tó ṣe nǹkan kan, ẹ mú bàbá lọ rí dọ́kítà, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ wọn wò, kí wọ́n wo etí àti ojú wọn, kí wọ́n bi wọ́n bóyá ibì kan ń dùn wọ́n. Arúgbó tí nǹkan ń dùn tí ò lè ṣàlàyé, ó lè máa pe èèyàn ṣáá, kò sí kíkà tó máa wo ìyẹn sàn. Tí ìyẹn bá ti kúrò ńlẹ̀, ẹ fa ìlà sórí pépà kó pín sí mẹ́ta, kí ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú, kí ni wọ́n ṣe, kí ló tẹ̀ lé e. Ẹ kọ aago sí i. Ọjọ́ 4 ti tó. Ẹ má ì yí nǹkan kan padà, bí ẹ ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ ṣì máa ṣe.

ìwàlẹwà:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má rí mi fín, àmọ́ ara mi ò gba nǹkan yìí. Eku àti ẹyẹlé ni Skinner, onímọ̀ nípa ìwà ará Amẹ́ríkà yẹn, fi ṣe gbogbo èyí bẹ̀rẹ̀, bàbá onílé ni à ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ níbí. Tẹ́ ẹ bá sì wá dórí ọmọ, ṣebí kí ẹ fún un ní nǹkan kó lè dákẹ́ náà lẹ máa sọ, kí wá lorúkọ ìyẹn tí kì í bá ṣe rìbá? Ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé tí ìyá bá ní kó sùn, oorun ni.

awòyeìwà:
Ẹ̀gbọ́n, mi ò rí yín fín rárá, ọ̀pọ̀ òbí ló máa ń bi mí ní ìbéèrè yẹn. Òótọ́ ni pé eku àti ẹyẹlé ló fi bẹ̀rẹ̀. Ṣáájú ẹ̀ pàápàá, lọ́dún 1898, Edward Thorndike ti ti ológbò mọ́nú àpótí, ó rí i pé ohun tó bá jẹ́ kí ológbò rí ọ̀nà jáde, ó máa yá a lára láti ṣe é nígbà tó bá tún bára ẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ara ẹran ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i pé ọkàn ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ ti ẹ̀jẹ̀ bọ̀, ṣé ìyẹn ò ní kan èèyàn ni?

Ti rìbá yẹn, ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ìgbà wo lèèyàn ń fún ọmọ ní rìbá? Ìgbà tó bá ti ń ké ni, kó lè dákẹ́. Omi tí ìyá ń bu fún un nígbà tó ń pariwo, dídì mọ́ ọn lẹ́yìn tó ti sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, àwọn yẹn gan-an ni rìbá, ojoojúmọ́ ló sì ń gbà á. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kò mú èrè wọnú ilé tí kò sí èrè tẹ́lẹ̀. Èrè ti wà ńlẹ̀, ibi tí ò yẹ kó lọ ló ń lọ. Ohun tí à ń ṣe ò ju pé ká darí ẹ̀ lọ síbi tó yẹ, kó sì dé kí igbe tó bẹ̀rẹ̀.

tíṣà_kíláàsì_kẹrin:
Ẹ jẹ́ kí n bá awòyeìwà gbè é lẹ́sẹ̀. Odindi ọdún kan ni mo fi ń pariwo "ẹ jókòó!" ní kíláàsì, bí mo bá ṣe ń pariwo tó náà ni wọ́n ń dìde tó. Ìgbà tí mo jẹ́ kí ọmọ kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó máa kà á ni ojú mi tó là. Eré kan wà tí Barrish, Saunders àti Wolf kọ nípa ẹ̀ lọ́dún 1969, wọ́n pín kíláàsì sí ọ̀nà méjì, tí ẹnì kan bá dìde láìgbàṣẹ tàbí tó sọ̀rọ̀ láìnawọ́, ìlà kan bọ́ sórí ẹgbẹ́ tiẹ̀ lójú pátákó. Ẹgbẹ́ tí ìlà ẹ̀ bá kéré ló jàre, bí ìlà àwọn méjèèjì bá sì kéré, àwọn méjèèjì jàre. Ó ṣiṣẹ́. Ìgbà tí wọ́n dá a dúró láti fi yẹ̀ ẹ́ wò, ariwo padà wá, wọ́n dá a padà, ariwo tún lọ. Bí mo ṣe rí i nìyẹn ní kíláàsì tèmi náà. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé ohùn mi ò há mọ́ tó bá di ọ̀sán.

mo_ti_jáwọ́:
Mi ò kì í sọ èyí ní gbangba, àmọ́ mo rí i pé ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ń bi bóyá ti ọmọdé nìkan ni. Kokéènì ni mò ń fà tẹ́lẹ̀. Ọdún 6 gbáko. Mo ti ṣèlérí fún ìyàwó mi, mo ti bú sẹ́kún níwájú àwọn òbí mi, mo ti búra. Ilé ìtọ́jú tó wá ràn mí lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni mò ń tọ̀ sínú ike fún wọn, tí ìtọ̀ bá mọ́, wọ́n fún mi ní ìwé kékeré kan tí mo lè fi gba nǹkan tó wúlò nílé, tí ìtọ̀ tó tẹ̀ lé e bá tún mọ́, èyí tí wọ́n máa fún mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó bá wá dọ̀tí lọ́jọ́ kan, mo padà síbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí èébú, kò sí ìwàásù. Nọ́ọ̀sì kàn máa wo ike ni, á ní "ó mọ́ o, ẹ kú iṣẹ́," á fún mi níwèé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní ṣé a wá ń sanwó fún èèyàn kó má lo oògùn ni. Ẹ gbọ́, oògùn ń sanwó fún mi lójú ẹsẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀mí gígùn àti ìyàwó tó ń rẹ́rìn-ín, ọdún mélòó kan sígbà náà ni wọ́n tó máa sanwó tiwọn. Kí ni mo fẹ́ fi gbé ara mi ró ní àárín méjèèjì? Ìwé kékeré yẹn ni. Mo lọ kà nípa ẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, Stephen Higgins àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Vermont, Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde. Nínú èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1994, àwọn tó ń gba ìwé yẹn mọ́ ìtọ́jú, ìdá 75 nínú 100 wọn ló parí ọ̀sẹ̀ 24, àwọn tó gba ìtọ́jú láìsí ìwé, ìdá 40 ni. Mo jẹ́ kí ìwé tó kẹ́yìn wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, mi ò fi gba nǹkan kan.

ìwàlẹwà:
Ẹ kú orí ire, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ ti ara yín yìí. Mo gbà pé mi ò mọ gbogbo ẹ̀. Mo ṣì ní ìbéèrè, àmọ́ mò ń gbọ́.

ẹnu_mi_ni_mo_fi_sọ:
Èmi ní ọ́tísìmù. Mo ti dàgbà, mo ń ṣiṣẹ́, mo ń dá gbé. Wọ́n ṣe nǹkan tí ẹ̀ ń yìn yìí fún mi láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún 4, inú mi ò sì dùn bí mo ṣe ń ka ibí yìí, torí náà mo ní láti sọ tèmi.

Mo máa ń ju ọwọ́ mi méjèèjì bí ẹyẹ tí ń gbọn ìyẹ́ tí yàrá bá ti pariwo jù. Ara mi máa ń rọlẹ̀ tí mo bá ń ṣe é. Wọ́n fi súìtì kọ́ mi kí n fi ọwọ́ sí orí itan. "Ọwọ́ jẹ́jẹ́," súìtì kan. "Wo ojú mi," súìtì kan. Wákàtí lórí wákàtí. Lórí pépà tí wọ́n ń kọ, ó yọrí sí rere, ọwọ́ mi dúró. Nínú mi lọ́hùn-ún, ariwo yẹn ò dín kù, ohun tí mo fi ń fara dà á ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Àwọn èèyàn fẹ́ràn láti máa sọ ti Lovaas, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ABA tọ́jú àwọn ọmọ ọ́tísìmù, lọ́dún 1987, wákàtí 40 lọ́sẹ̀, pé ọmọ 9 nínú 19 wá dà bí àwọn ẹgbẹ́ wọn nílé ìwé. Wọn kì í sọ pé wọ́n jágbe mọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀, wọ́n sì gbá wọn nítan, tàbí pé láàárín àwọn ọdún 1960 ó ti lo iná mànàmáná lára àwọn ọmọ.

Ìbéèrè mi rèé fún awòyeìwà. Ta ló sọ pé ohun tí mò ń fọwọ́ ṣe yẹn jẹ́ ìṣòro? Ìṣòro ta ni?

awòyeìwà:
Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dáhùn. Ohun tẹ́ ẹ sọ, bó ṣe rí nìyẹn, mi ò ní já a ní koro. Ìṣòro àwọn tó ń wò yín ni, kì í ṣe tiyín. Wọ́n sì ti gbàgbé èyí tó ṣáájú nínú ohun tí Baer, Wolf àti Risley kọ, pé kó jẹ́ ohun tó ṣe kókó fún onítọ̀hún fúnra ẹ̀.

Ìmọ̀ ọ̀hún fúnra ẹ̀ ní ohun tó yẹ kó dá wọn lẹ́kun. Brian Iwata àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fi hàn lọ́dún 1982, lára àwọn tó ń ṣe ara wọn léṣe, àwọn mìíràn tiẹ̀ ń fi orí gbá nǹkan, pé ìwà kan náà lè máa gba èrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Ọmọ yìí ń ṣe é kí wọ́n lè dá a lóhùn, tọ̀hún ń ṣe é kí iṣẹ́ tó le lè kúrò níwájú ẹ̀, ẹlòmíì sì wà tó jẹ́ pé ohun tó ń ṣe fún ara ẹ̀ láti inú ni, kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kí wọ́n tó mọ èyí tó jẹ́. Lọ́dún 1985 Edward Carr àti Mark Durand wá kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè sọ dípò ohun tí wọ́n ń ṣe, ẹni tí iṣẹ́ ń le fún, wọ́n kọ́ ọ láti sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ràn án lọ́wọ́. Ká ní wọ́n bi yín ni, "ó pariwo jù" ni ọ̀rọ̀ tó yẹ kí wọ́n kọ́ yín, kí wọ́n sì dín ariwo kù, kí wọ́n fi ọwọ́ yín sílẹ̀ fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi náà ti ṣe "ọwọ́ jẹ́jẹ́" fún ọmọ méjì nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo rántí wọn.

ẹnu_mi_ni_mo_fi_sọ:
Mo gbọ́. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ èyí tó kẹ́yìn yẹn. Ìyá_àbíkẹ́yìn, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é, kí ẹ máa bi ara yín pé kí ni bàbá ń wá. Ẹ má ṣe é torí kí ilé lè dákẹ́ nìkan.

ìyá_àbíkẹ́yìn:
Ẹ ṣé o gbogbo yín. Mo kà á délẹ̀, ó sì bà mí nínú jẹ́ níbì kan. Dọ́kítà ti yẹ bàbá wò, kò sí nǹkan nínú ìtọ̀, ojú wọn nìkan ni ò ríran dáadáa mọ́ bílẹ̀ bá ti ń ṣú. Mo kọ ọ́ fún ọjọ́ 4 bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. Bí ọjọ́ kejì ṣe rí rèé:

5:40. Mo dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo lọ síbi ìdáná. Wọ́n pè mí. Mo lọ, mo ní "mo wà ńbí bàbá." Wọ́n ní "ó dáa."
5:46. Mo ti padà síbi ìdáná. Wọ́n pè. Mo dáhùn láti ọ̀ọ́kán, mi ò lọ. Wọ́n tún pè, ohùn wọn lọ sókè. Mo lọ.
5:55. Wọ́n pè. Mo lọ, mo bi wọ́n pé kí lẹ fẹ́. Wọ́n wò mí bíi pé wọ́n ń wá nǹkan lójú mi. Wọn ò sọ nǹkan kan.
6:02. Wọ́n pè.
6:10 sí 6:35. Ẹ̀gbọ́n mi wá kí wa, ó jókòó tì wọ́n. Wọn ò pè mí rárá.
6:37. Ẹ̀gbọ́n mi lọ. Wọ́n pè.

Ìgbà 19 ni wọ́n pè mí láàárín aago 5 sí aago 8. Ìgbà tẹ́nikẹ́ni bá wà níbi tí wọ́n ti lè rí i, wọn ò pè rárá, ẹ̀ẹ̀kan péré ò sí. Mo ti rò pé wọ́n kàn ń yọ mí lẹ́nu ni. Ti ọmọ, alaalẹ́ ló máa ń sọ̀kalẹ̀ tó ìgbà 6 tàbí 7, gbogbo ẹ̀ náà ni mo sì ń dá lóhùn, omi, ìtọ̀, dídì mọ́ra.

nọ́ọ̀sì_òru:
Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, pépà yín yìí ti sọ gbogbo ẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, alẹ́ ni mo máa ń wà. Ẹni tí iyè ẹ̀ ti ń ra, tí ò bá ti rí yín, ẹ ò sí ńbẹ̀ mọ́ lójú tiẹ̀ nìyẹn. Ó kàn ń wò ó bóyá ẹ ṣì wà ni. Ẹ ò wá gbọdọ̀ ṣe bíi tàwọn nọ́ọ̀sì ọdún 1959 yẹn o, pé kí ẹ má dáhùn, ẹ̀rù ló máa fi kún ẹ̀rù fún wọn.

Ohun tí à ń ṣe lọ́dọ̀ wa ni pé ká dé kí wọ́n tó pè. Tẹ́ ẹ bá pín wákàtí 3 sí ìgbà 19, ó jẹ́ bíi ìṣẹ́jú 9 sí 10 láàárín ìpè kan sí èkejì, àmọ́ pépà yín fi hàn pé ìgbà mìíràn ìṣẹ́jú 6 ni. Torí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú 5. Ẹ gbé fóònù yín sápò kó máa dún, tó bá ti dún ẹ yọjú, ẹ fọwọ́ kan èjìká wọn, "bàbá, mo wà ńbí o," ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ti tó, ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́. Tí ìpè bá ti dín kù ẹ sún un sí 7, ẹ sún un sí 10. Tí wọ́n bá pè láàárín, ẹ dá wọn lóhùn jẹ́jẹ́. Ẹ sì gbé àga wọn sí ibi tí wọ́n ti lè máa wo ẹ̀yìn yín níbi ìdáná, kí ẹ tan iná kílẹ̀ tó ṣú, nítorí ojú tẹ́ ẹ sọ yẹn. Lójú tèmi àga yẹn máa ṣiṣẹ́ ju fóònù lọ.

Skinner fúnra ẹ̀ sọ nǹkan kan nígbà tó dàgbà, lọ́dún 1983, ó ti lé ní 70 dáadáa nígbà náà. Ó ní tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé òjò máa rọ̀, tẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ẹ máa gbàgbé agbòòrùn, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá ń jáde, ẹ dìde lọ fi kọ́ ọwọ́ ìlẹ̀kùn báyìí báyìí. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn mọ̀lẹ́bí tó ń wá sọ́dọ̀ wa. Ẹ má retí kí iyè wọn padà bọ̀ sípò, ilé ni kí ẹ tún tò kó máa bá wọn rántí.

awòyeìwà:
Mi ò ní nǹkan fi kún ti bàbá, nọ́ọ̀sì ti sọ ọ́ tán, ó sì dáa ju bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ lọ.

Ti ọmọ. Ọ̀nà àtijọ́ kan wà, kí ẹ gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì kí ẹ tilẹ̀kùn kí ẹ má padà. Williams kọ nípa ọmọ oṣù 21 kan báyìí lọ́dún 1959. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ ó fi ìṣẹ́jú 45 ké. Nígbà tó fi di ẹ̀ẹ̀kẹwàá kò ké mọ́. Nígbà tó ṣe, ó ké díẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan tí àǹtí ẹ̀ gbé e sùn, àánú ṣe àǹtí, ó padà wọlé tì í títí tó fi sùn. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn péré, igbe náà padà bíi ti tẹ́lẹ̀, wọ́n ní láti tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ igbe máa ń kọ́kọ́ le sí i kó tó lọ, ọ̀pọ̀ ìyá ni ò lè fara dà á, bàbá tí ara ò yá sì tún wà nílé yín.

Èyí tí mo fẹ́ràn fún yín ni káàdì àlẹ́, Patrick Friman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kọ nípa ẹ̀ lọ́dún 1999. Ẹ gé pépà líle kan, kí ọmọ fúnra ẹ̀ ya nǹkan sí i. Tó bá ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, káàdì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó lè fi gba nǹkan ẹyọ kan, omi, ìtọ̀, tàbí dídì mọ́ra, tó bá ti fi gbà á, ó gbé káàdì fún yín, ó di ọ̀la. Lẹ́yìn ìyẹn tó bá sọ̀kalẹ̀, ẹ mú un padà láìsọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tó dáa níbẹ̀ ni pé kò ní láti ké kó tó rí yín, ó kàn máa béèrè ni, ẹ sì máa dá a lóhùn.

ìyá_àbíkẹ́yìn:
Ọ̀sẹ̀ kejì rèé, mo ní kí n padà wá ròyìn.

Àga bàbá ti wà ní ojú ọ̀nà ìdáná. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ìpè wálẹ̀ láti 19 sí 11. Ọjọ́ kẹta, 6. Mo sún fóònù sí ìṣẹ́jú 7, lẹ́yìn náà mo sún un sí 10, ìpè sì gun òkè padà sí 9, mo dá fóònù padà sí ìṣẹ́jú 7. Lánàá, ìpè 4. Ọjọ́ kan wà láàárín tó burú, wọn ò sùn dáadáa lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ìgbà 14 ni. Mi ò jágbe mọ́ wọn. Mo kàn kọ ọ́ sí pépà ni, kíkọ yẹn fúnra ẹ̀ ń mú inú mi rọ̀, mi ò mọ ìdí ẹ̀.

Ọmọ ya ẹja aláwọ̀ ewé sórí káàdì. Alẹ́ àkọ́kọ́ ó fi gba omi kí n tó yọ ẹsẹ̀ ní yàrá, ó wá sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta sí i. Alẹ́ kejì ó di káàdì mú, ó sùn lọ tòun ti káàdì lọ́wọ́, kò lò ó. Alẹ́ kẹrin, mo gbọ́ igbe, kí n tó débẹ̀ bàbá ti wọlé sí i, wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń rọra fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Mo rántí àǹtí ti ọdún 1959. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ lé bàbá mi jáde níbẹ̀? Mo bi ẹ̀gbọ́n awòyeìwà ní kọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n má lé wọn, kí n mú àsìkò wọn ṣáájú igbe.

Torí náà ní báyìí, bàbá ló ń gbé ọmọ lọ sùn. Mo máa ń jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá. Wọ́n á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á fún un ní káàdì, wọ́n á kì í ní oríkì ẹ̀, èyí tí wọn ò gbàgbé nínú ẹ̀, ọmọ á sì máa parí èyí tí wọ́n gbàgbé fún wọn. Ó ti di alẹ́ márùn-ún báyìí, kò tíì sọ̀kalẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ bi yín. Láàárọ̀ òní mi ò rí káàdì. A wá a káàkiri, ọmọ ti fẹ́ máa sunkún. Àpò ẹ̀wù bàbá ló wà. Wọ́n yọ ọ́ wò, wọ́n ní, "Ta ló ni èyí?" Mo ní ti ọmọ ni, wọ́n ní, "Rárá, tèmi ni, èmi ni mo máa ń fún un." Ṣé kí n ya òmíràn fún bàbá ni?

nọ́ọ̀sì_òru:
Ẹ ya òmíràn, ẹ jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ ara ẹ̀ ya ẹja sí i. Ẹ kọ orúkọ yín sí ẹ̀yìn ẹ̀ gàdàgbà gadagba, "ọmọ yín wà ní ibi ìdáná," kí wọ́n lè máa yọ ọ́ wò nírọ̀lẹ́.